Àgbo Ikọ́ Ilé Wa Kọjá Bọ́dà

Igbogila,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Olúwadámilọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń lọ déédéé? Ẹni tó dá ọ sí láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ń pọ̀n ọ́ yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀.

Láti oṣù kẹjọ tí wọ́n ti ti bọ́dà, ẹnikẹ́ni ò lọ, ẹnikẹ́ni ò bọ̀. Edith ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà nílé ọkọ ní Kétu ti ilẹ̀ Faransé, lódìkejì bọ́dà, wá ń sunkún lórí fóònù pé ikọ́ kò jẹ́ kí Caleb ọmọ òun sùn, kí n sọ ewé tó wà nínú àgbo ikọ́ ilé wa fún òun. O mọ̀ pé bàbá mi àgbà ló fi àgbo náà sílẹ̀, a kì í sọ ọ́ fún àlejò. Kòkúmọ́ àbúrò mi fàáké kọ́rí pé ọmọ tó ti di ará ilẹ̀ Faransé ti di àlejò.

Ni mo bá rántí ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó o gbàgbé sílé nígbà Àjíǹde. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé kíláàsì kan lè bí kíláàsì mìíràn. Mo bi ìyá rẹ pé kíláàsì wo ló ń bímọ, ó ní bóyá ti àwọn olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyókù yé mi: ohun kan wà tí gbogbo ayé lè fọwọ́ kàn, òmíràn wà tí ẹni tó ni ín nìkan lè fọwọ́ kàn, ọmọ rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ẹ̀kẹta sì ni èyí tí wọ́n dáàbò bò, tí ará ìta kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó jogún lè lò ó, ibi yòówù kó máa gbé. O tiẹ̀ fa ìlà sí i nídìí. Mo kà á fún Kòkúmọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí pé ta ló ṣe òfin náà, mo ní kọ̀ǹpútà ni. Ó ní kò burú, kí n pe Edith.

Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn, mo daṣọ borí, torí mi ò mọ̀ bóyá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ àpò ìrẹsì wò. Mo ka ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Edith ń tún un pè tẹ̀lé mi. Àṣé mo ti tẹ ohun kan lára fóònù tó mú kí ohùn rẹ̀ máa dún bíi rédíò. Nígbà tí mo jáde, Bàrúwà tí a jọ ń gbé àgbàlá ní ewé kẹta kò yé òun, kí n jọ̀ọ́ tún un sọ.

Caleb ti ń sùn báyìí, inú mi dùn débi pé mi ò lè bínú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀: ohun tó ti di ti gbogbo ayé, ṣé kọ̀ǹpútà lè dá a padà sí èyí tí a dáàbò bò? Bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra fóònù tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Olúwa yóò máa ṣamọ̀nà rẹ, o kò ní ṣìnà. Mi ò kọ ewé náà sínú lẹ́tà yìí, torí dẹ́rẹ́bà tó ń gbé e bọ̀ kì í ṣe ọmọ mi. Gbogbo àgbàlá ti mọ̀ ọ́n, Kétu ti mọ̀ ọ́n, ìwọ tó jogún rẹ̀ nìkan ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Wọn ò ti ọ̀nà Èkó. Máa bọ̀ nílé.

Bàbá rẹ,
Nathaniel