Abẹ́rẹ́ Tó Mọ́ Gaara Bí Omi

Òkè-Àfà, Ìsọlọ̀,
Oṣù Kẹta, 2025.

Kọ́láolúwa, ọmọ Ìkirun,

Mo kí ọ o. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le. Kó le dáadáa, torí mi ò fẹ́ kí àìsàn kankan wá gbà ọ́ lọ́wọ́ mi.

Àbúrò mi, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ṣì wà láyé. Jẹjẹrẹ tó ń bá a jà ti kúrò ní ọyàn nìkan, ó ti dé egungun ẹ̀yìn. Kò lè dá wẹ̀ mọ́.

O rántí ọjọ́ tá a wá bá ọ níbi tí o ti ń fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú ara ní Àjàó Estate. Dókítà ti ní kíndìnrín rẹ̀ ò lágbára, pé abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń gbà kí àrùn lè hàn nínú àwòrán lè ṣe é léṣe. Ó ní èyí tí oògùn inú rẹ̀ ní èròjà irin ni kí o fún un. A wá a títí ká tó rí i, mo sì fà á lé ọ lọ́wọ́ tòun ti páálí rẹ̀, mi ò tú u, torí ọ̀rẹ́ mi ni ọ́. O gún un lójú mi. Nígbà tí èsì jáde, o ní, "Àjíbíkẹ́, fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Háà, Kọ́láolúwa!

Kókó inú ọyàn rẹ̀ ò yéé dàgbà. Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n fa irú oògùn onírin yẹn sínú abẹ́rẹ́, ó dúdú bí àgbo. Mo dìde lórí àga. Tìrẹ mọ́ gaara bí omi, àṣé omi náà ni. O ti ta tiwa fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá rẹ ló jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí mo lọ da ibẹ̀ rú.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. O rò pé ó tán nìyẹn? Mo ti kọ̀wé sáwọn tó fún ọ níwèé àṣẹ. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìkirun, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Wọn ò sunkún. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n bá mi wá. Àwọn ló ń wẹ Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ láràárọ̀ báyìí, tí wọ́n ń fi ṣíbí fún un lẹ́kọ. Tí o bá pè wọ́n, wọ́n á máa wo fóònù náà títí á fi dákẹ́. Inú mi ń dùn tí mo bá ń wò wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Kí Olúwa fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Kí ojú rẹ má fọ́, kí etí rẹ má di, kí iyè rẹ má ra, kí o lè máa rántí wa títí o ó fi hewú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ ìgbà kan,
Àjíbíkẹ́.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sí ìyá rẹ létí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n bóyá kí n yọ nǹkan kan kúrò. Wọ́n ní, "Má yọ nǹkan kan. Fi kún un pé ọmọ mẹ́ta ni mo bí, méjì ló kù."