Ọmọ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Wọ Kóòtù

Ọ̀tà, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹfà, 1988

Tóún, ọmọ mi, ti sùn. Mo ṣì ń wo ẹnu rẹ̀.

Ìyá tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ò wá láàárọ̀, ni mo bá gbé e lọ sí kóòtù. Akọ̀wé ní ọmọ ò gbọdọ̀ wọlé. Lọ́yà ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ.

Sìdíkátù, ẹlẹ́rìí mi tí kọ́ńpìnnì lé nítorí pé ó lóyún, gbọ́dọ̀ dúró níta títí wọ́n á fi pè é. Òun náà pọn ọmọ. Ó ní, "Ẹ gbé e wá, Àǹtí Lọ́yà."

Ìgbà tí mo jáde, Tóún ń mu ọmú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ebi ń pa á, ẹ sì ń gbẹnu wa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú lọ́hùn-ún."

Gbogbo àárọ̀ ni mo fi ń ṣàlàyé fún adájọ́ pé abiyamọ lè ṣiṣẹ́. Sìdíkátù ló jẹ́ kí n rí iṣẹ́ tèmi ṣe.