Bàbá Mi Ní Kí N Wá Tún Àwọ̀ Ojú Kọ̀ǹpútà Ṣe

Bàbá mi ò ríran mọ́, èmi sì ni mò ń bá wọn bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti sọ ọ́ jáde báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá èèyàn lóhùn ní ojú-ewé yìí, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò, torí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní Accra tí kò ní dé etí ìyá mi kí n tó délé.

Bàbá mi ní chemical shop ní Dansoman, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí wọn ti wá, Accra ni wọ́n bí wọn sí, Alata Dókítà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, torí Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Wọn kì í ṣe dókítà o. Ìwé àṣẹ tí èèyàn fi ń ta parasitamó àti oògùn ibà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n wọ́n ní kóòtù funfun kan, bírò méjì ló máa ń wà ní àpò rẹ̀, ẹni tó bá sì pè wọ́n ní Mister máa dúró pẹ́ kí ó tó rí oògùn rà. Èmi náà kò sàn jù wọ́n lọ. Mo kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Adabraka, orúkọ oyè tó wà lára káàdì mi gùn ju iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ. Nítorí náà ẹ má rò pé bàbá mi nìkan ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ni wọ́n ń tọ́jú ní ọ́fíìsì, èyí tí ojú rẹ̀ dúdú, tí kò ní àwòrán kankan, lẹ́tà nìkan. Títí di òní, wọ́n gbà pé ẹni tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń yàwòrán fún. Nígbà tí mo ní kí n ṣe prógíráàmù kan fún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ohun tí àwọn á máa fi ìka tẹ̀ bí ẹni ń tẹ kòkòrò. Mo bá ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú terminal, ojú dúdú yẹn náà: wọ́n á tẹ orúkọ oògùn, ìlà ọ̀rọ̀ kan á jáde. Ohun tí mo fi ń yangàn nínú rẹ̀ ni àwọ̀. Fáìlì kékeré kan wà tí mo ti ń sọ fún un bí ọ̀rọ̀ á ṣe jáde: oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, pupa, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ń sún mọ́lé, àwọ̀ ìyeyè, èyí tó ṣì dáa, funfun, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, búlúù. Bí wọ́n bá ti rí pupa, wọn ò gbọdọ̀ tà á. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n kọ́kọ́ ní búlúù yẹn ò dáa. Òótọ́ sì ni, kò sí ẹni tó ń lo terminal tí kò mọ̀ pé búlúù lórí dúdú máa ń ni ojú lára. Mo yí i padà. Nígbà tó yá wọ́n ní lẹ́tà náà tín-ín-rín jù... mo sọ ọ́ di bold, ó ki dáadáa. Wọ́n ní kò tíì tó, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìlà náà ń da àwọn láàmú, mo yọ ọ́ kúrò. Sátidé dé, mo wọ ọkọ̀ trotro, mo lọ tún àwọ̀ ṣe. Sátidé míì dé, mo tún lọ. Wọ́n á máa sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀ ń rí ọmọ mi, injiníà ni o, òun ló wá wo ẹ̀rọ wa, orí mi á wú. Injiníà àwọ̀!

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù rèé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọ̀ ìyeyè ní pupa. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí Yorùbá ni wá? Lẹ́nu àwọn àgbà wa, ẹ̀jẹ̀ pupa, epo pupa, èèyàn tí ara rẹ̀ mọ́ náà, pupa ni. Wọ́n pe búlúù ní dúdú, mo ní ìyẹn náà dáa, aró kì í ṣe funfun. Mo tiẹ̀ gbé e lọ sórí ayélujára, mo kọ àrokọ gígùn kan pé ẹ wo bí èdè wa ṣe jinlẹ̀ tó, pé àwọ̀ mẹ́ta péré ló fi pín ayé, pé bàbá mi tí wọ́n bí sí Accra kò tíì sọ ogún yìí nù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èdè kọ́... ojú ni. Ojú bàbá mi ń kú lọ, èmi jókòó tì wọ́n, mò ń fi àṣà ṣàlàyé rẹ̀.

Sátidé kan, mo ní kí n jẹ́ kí lẹ́tà dúdú máa jáde lórí àwọ̀ ìyeyè, torí kò sí èyí tó hàn jù bẹ́ẹ̀. Mo kọ dúdú fún lẹ́tà, ṣùgbọ́n mo ṣi ìlà tó kàn kọ, ẹ̀rọ ò sì ka àwọ̀ ìyeyè rárá. Ó wá di dúdú lórí dúdú. Mo tẹ orúkọ oògùn kan, ojú kọ̀ǹpútà ṣófo bí ilé tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Kí n tó tún un ṣe, bàbá mi ti fa àga, wọ́n ti gíláàsì wọn sókè, wọ́n na ọrùn, orí wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún bí ẹni tó ń kàwé... wọ́n wá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ehn-ehn, èyí gan-an ni, ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí o kò ti ṣe é báyìí látijọ́? Má fọwọ́ kàn án mọ́ o. Wọ́n sì yíjú sí oníbàárà tó wà ní ìdúró, wọ́n bi í pé kí ló ń ṣe é.

Ṣé kí n sọ fún bàbá mi lójú oníbàárà pé òfìfo ni wọ́n ń yìn?

Mo parọ́ fún wọn pé ọ́fíìsì wa ń ṣe àyẹ̀wò ojú fún òbí àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀nà tí mo fi mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà nìyẹn. Glaucoma ni. Dókítà ní àrùn náà máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, èyí tó ti jẹ ti lọ, kò sí gíláàsì tàbí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà, oògùn tí wọ́n á máa kán sójú kàn lè ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù ni. Bí a ṣe ń jáde, bàbá mi ní ọmọdé ni dókítà yẹn, pé oògùn ojú wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn, kí ló fẹ́ kọ́ àwọn? Wọ́n ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ìyá mi. Mo búra.

Mo jẹ́ kí prógíráàmù máa sọ̀rọ̀ jáde. Ó fi ohùn obìnrin òyìnbó kan kéde oògùn tó ti bàjẹ́ lójú èrò, wọ́n pa ohùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí gbogbo Dansoman gbọ́ ni. Mo ní kí a gba ẹnì kan tí á máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ló dé, ṣé àwọn fọ́jú ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni obìnrin kan tó ń ta waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ládùúgbò wa wọlé, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ara ọmọ gbóná. Mo ti dá gbogbo àwọ̀ padà nígbà náà. Bàbá mi tẹ orúkọ oògùn, ìlà náà jáde ní pupa, ó ki, ó ń kígbe. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n na ọwọ́ sí pákó tí a ń to oògùn sí láìṣìnà, wọ́n sì fi oògùn náà lé obìnrin náà lọ́wọ́. Ó fi Twi dúpẹ́, ó ní Dókítà, medaase paa, Dókítà wa gan-an nìyí! Mo sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ìdérí ìgò yẹn ò dé dáadáa, mo fún un ní òmíràn. Nígbà tí mo padà wọlé, bàbá mi ò kọjú sí mi. Wọ́n rọra ní, pupa ni, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní àwọn ti rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ọrùn kóòtù wọn ṣe, wọ́n pe ẹni tó kàn.

Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń yà sí láàárọ̀ kí n tó lọ sí Adabraka, mo ń ṣa oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kúrò lórí pákó. Ìyá mi rò pé mo ti di ọmọ gidi, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ọ́fíìsì wá ní Kumasi ni wọ́n ń gbé mi lọ báyìí. Bí mo bá kọ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Bí mo bá lọ, ta ni á máa ṣa á? Bí mo bá fẹjọ́ sun àwọn tó fún wọn níwèé àṣẹ, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, ohun kan ṣoṣo tó ń gbé bàbá mi dìde láàárọ̀ ti tán. Bí mo bá sọ fún ìyá mi, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á mọ̀ kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, bàbá mi ò sì ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Bí mo bá sì dákẹ́... ọmọ ẹlòmíì ni yóò fara gbá a.

Lánàá, wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n tó lọ sí Kumasi, kí n wá fi àwọ̀ tó máa pẹ́ sí i fún àwọn, torí àwọn ò mọ ìgbà tí n óò padà wá. Mo ní ó dáa, sà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ṣé kí n lọ fẹjọ́ bàbá mi sùn ni? Ṣé kí n dákẹ́? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà o, ẹ sọ ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ ṣe. Sátidé yìí ni wọ́n ń retí mi, mi ò sì mọ àwọ̀ tí mo fẹ́ fi sí i.