Irúgbìn Orí Omi tí Àáfà Munir Kó Dànù

Ilé Alhaji Bákàrè,
Moshie Zongo,
Kumasi, Ghana.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Keje, 2024.

Àbúrò mi Zúbàírù,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Eékún tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Gbogbo wa wà láàyè níbí, àfi inú mi tó ń hó bí omi kẹ́tùlù. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí n má baà bẹ́.

O mọ̀ mí. Ìwé kejì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ọ́ìlì dúdú ni mo fi ń wẹ ọwọ́ nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Suame Magazine títí mo fi kọ́ ilé alájà méjì. Nígbà tí gbogbo ayé ń sáré ra ajílẹ̀ inú àpò fún oko ìrẹsì wọn, èmi Bákàrè ò rà á. Ewé kan ni mo ní tó ń léfòó lórí omi, ó kéré ju ojúoró lọ. Àsólà ni wọ́n ń pè é. Tòyíbàt ọmọ mi, tó kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, ló mú un wá. Ó fi í hàn mí nínú ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Zúbàírù, mo rí àwọn ẹ̀dá wíńníwínní nínú ihò ewé náà, wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà! Ó ní èyí tó tóbi díẹ̀ láàárín wọn ló ń mú oúnjẹ kan nínú afẹ́fẹ́, èyí tí ìrẹsì ò lọ́wọ́ láti mú. Ewé fún wọn nílé, àwọn náà ń bọ́ ewé. Tí a bá tẹ ewé ọ̀hún mọ́ ẹrẹ̀, tó jẹrà, ìrẹsì á jẹ àjẹyó. Kò sí oko tó dúdú minimini bíi tèmi ní àfonífojì tí a ti ń dáko.

Ìyẹn ni mo fi lérí lójú gbogbo Zongo pé ìrẹsì oko mi nìkan la ó jẹ níbi yìgì Tòyíbàt àti ọmọ Àáfà Munir. Irúgbìn ewé náà wà nínú táǹkì sìmẹ́ǹtì lẹ́yìnkùlé mi.

Mo lọ síbi ìsìnkú ní Tamale. Lẹ́yìn mi, Àáfà kó jàmáà wá ṣe àdúà yìgì nílé mi. Ẹ̀rọ omi ò yọ. Ó yọjú sí táǹkì mi, ó ní omi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá. Ta ló bẹ̀ ẹ́ kó fi ṣe é? Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ewé náà sóòrùn, kí wọ́n fọṣẹ fọ táǹkì! Ìgbà tí mo dé, ewé náà ti gbẹ bíi tábà. Àáfà ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá ìyàwó, mo ti bá yín palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ o. Ẹ dúpẹ́."

Kí n dúpẹ́! Mo ní, "Àáfà, ṣé kí èmi náà da tẹ̀sùbáà yín sórí ààtàn?" Mo ní kò sí yìgì mọ́. Tòyíbàt bú sẹ́kún.

Kojo, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, ló wá bá mi. "Alhaji, kosɛ o, ẹ pẹ̀lẹ́! Èyí tí ẹ fún mi fún pẹ́pẹ́yẹ mi ṣì kún adágún." Tí a bá bu díẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, á ti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó lọ bù ú. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀; mo sì ní kí Kojo sọ bẹ́ẹ̀ fún Àáfà.

Láàárọ̀ yìí, Àáfà Munir ru garawa gba àárín Zongo, omi ń kán lára láwàní rẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ Kojo tò tẹ̀lé e, nítorí oúnjẹ wọn ló gbé. Àwọn Hausa ń kí i kú iṣẹ́: "Màlámù, sannu da aiki!" Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sálámà sí mi. Mo gba garawa. Sálámà, ọ̀ranyàn ni kí n dáhùn, nítorí náà inú ikùn ni mo ti dá a lóhùn. Òun ló kọ́kọ́ dá ọjọ́ yìgì. Mo ní ìrẹsì ni yóò dá a báyìí: ọjọ́ tó bá gbó ni.

Bá mi kí gbogbo ilé. Bí Àáfà bá ní kí o bá òun bẹ̀ mí, má dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n rán aṣọ yìgì rẹ sílẹ̀.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀,
Alhaji Bákàrè.