Àga Yín Láàárín Sípíkà Méjì

Àgége, Èkó,
14 Oṣù Kẹta, 1981.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrójú ẹsẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé egungun náà ti ń jinná, àti pé ẹ ti dẹ́kun yíyọ́ lọ sóko bí Morẹ́nikẹ́ àbúrò mi ṣe fẹjọ́ yín sùn. Àlàáfíà ni àwa náà wà. Ara ìyàwó mi le, ọmọ sì ń mu ọmú bí ẹni tí ebi lé wá sáyé. Ìròyìn ìsọmọlórúkọ nìyí. Kí Morẹ́nikẹ́ rọra kà á fún yín, kó má fo ìlà kankan.

Ẹ rántí pé nígbà tí ẹ ṣubú, tó hàn pé ẹ kò ní lè wá, ẹ sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì: ojú kìíní fún ọmọkùnrin, ojú kejì fún ọmọbìnrin. Bàbá Àrínọlá ìyàwó mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Job, ẹni tí kò sí níjòkòó kì í sọ ọmọ lórúkọ. Bí àgbà kan ò bá ti ilé yín wá, orúkọ tèmi ni yóò ṣáájú." Bàbá mi kò sí láyé mọ́, ẹ̀yin nìkan ni mo ní. Mo ní, "Bàbá, màmá mi yóò jókòó."

Ṣùgbọ́n sípíkà mi kò ṣe é gbé síwájú àna. Nígbà tí mo fi kásẹ́ẹ̀tì yín sí i, ẹ dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Shuaib, tí a jọ ń gbé ilé, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to rédíò pọ̀ ní Ìkẹjà, bá mi wá sípíkà ńlá méjì. A fi pákó tó nípọn kan àpótí tuntun fún wọn. Ó ní ká fi òwú tẹ́ inú rẹ̀ kí ohùn má baà máa ta padà nínú àpótí. Mo tú ìrọ̀rí mi. Àrínọlá pariwo pé, "Kí lo máa gbé orí lé?" Mo ní apá mi kò kúrú.

Nígbà tí a tàn án, orin dún, ó kún ilé, ṣùgbọ́n ohùn yín kò ní ojúkò. Ó ń ti ara ògiri wá, ó ń ti òkè àjà wá. Shuaib ní mo so wáyà ọ̀kan sódì, pé bí sípíkà kan ṣe ń tì ni èkejì ń fà. Mo ní irọ́ ni. A jiyàn títí ọbẹ̀ fi jóná. Ó pààrọ̀ wáyà pupa àti dúdú, ó ní kí n dijú. Màámi, ẹ kúrò lára ògiri, ẹ bọ́ sáàárín! Shuaib ní, "Ìyá ẹ dé, olórí kunkun." A sún sípíkà síwá sẹ́yìn títí ohùn yín fi dúró sójú kan gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni mo gbé àga yín sí.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo tan ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì níwájú gbogbo èrò, ni ohùn yín bá jáde bí ti ẹni tó fi ìborùn bo ẹnu. Bàbá Àrínọlá ní, "Ṣé ẹ̀kọ gbígbóná ló wà lẹ́nu wọn ni?" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo wo sípíkà dáadáa. Ìyá ìyàwó mi, tó wá ń bá wa wẹ ọmọ, ti fi ọ̀rá wé méjèèjì, ó tún da aṣọ funfun bò wọ́n, torí pé ohun tuntun kì í wà níhòòhò! Mo fa ọ̀rá náà ya lójú gbogbo wọn. Ìyá náà bínú díẹ̀, mo sì ti bẹ̀ wọ́n.

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ̀yin àna mi, ẹ kú ìnáwó. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Orí àga gan-an ló ti wá. Gbogbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "À ń gbọ́ o, Màmá!" Àrínọlá gbé ọmọ, ó kúnlẹ̀ níwájú àga. Nígbà tí ẹ pe Oyinadé, bàbá Àrínọlá ṣí fìlà. Ó ní, "Ìyá ti jókòó. Oyinadé ni yóò ṣáájú."

Èrò pọ̀ débi pé àwọn kan jókòó sórí bíríkì. Síbẹ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga yín.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ yín dúró, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn wọ ilé wa, kí Oyinadé sì gbọ́ ohùn yín láìsí wáyà.

Èmi ni ọmọ yín tó lórí kunkun, tí kì í sì í gbàgbé yín,
Job.

Mo tún rántí: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òwú àràbà ẹ̀yìnkùlé ránṣẹ́. Ọrùn ń dùn mí.