Orin Sààrì Ti Èṣí

Màámi,

Èmi Roqeebah yín kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo mọ̀ pé ẹ ó bínú pé mo ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́, tí n kò pè yín. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ló pọ̀.

Eré orin tí mo ti ń ṣe olórí òṣèré nínú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èmi ni mo ní kí n sinmi díẹ̀. Dókítà tó ń wo ọ̀fun mi sì fọwọ́ sí i.

Ẹ bá mi yọ̀, mo ti wọ inú fíìmù! Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni mo ṣe. Wọ́n ní mo ṣe é bí ẹni tó ti mọ́ lára.

Ní ti orin tí mo máa ń kọ ránṣẹ́ lọ́dọọdún tí ẹ fi ń jí agboolé wa sí sààrì nínú ààwẹ̀, ẹ tún lo ti èṣí. Ó ṣì dùn. Ẹ jẹ́ kó lọ sókè, kí wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Sẹ́kọ̀nà.

Ẹ bá mi kí Ìyá Mubarakah àti gbogbo ilé. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa orin yẹn rẹ́ lórí fóònù yín o.

Roqeebah