Ta Ló Di Ẹsẹ̀ Ewúrẹ́ Yẹn?

Ìyá mi àgbà ní Rajkot, ní Íńdíà,

Ara wa le ní New Jersey, inú gbogbo wa ń dùn. Mo ti kọ àròkọ tí yóò gbé mi láti girama wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà tààrà. Pápá ní, “Kọ ọ́ pé ìwọ lo di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ Ìyá tó dá nígbà tó o wà ní kékeré. Iṣẹ́ dókítà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ, jàre!” Màmá kà á, ó sunkún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n agogo ọrùn ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mo rántí. Kí ló dé tí ìró rẹ̀ fi yí padà nígbà tí ewúrẹ́ ń tiro? Mo ṣì ń rò ó.

Ìyá, ṣé èmi ni mo di ẹsẹ̀ yẹn lóòótọ́, àbí Dhruvil, ọmọ ẹ̀gbọ́n Pápá? Ẹ bá mi kí i. Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ má sọ fún Pápá. Ẹ kàn lu agogo yẹn sí mi létí lórí fóònù.

Hetvi yín